Gílóòbù Lókè, Ata Nísàlẹ̀: Bí Ìmọ́lẹ̀ Ṣe Ń Sọnù Nínú Yàrá

Láàárín oṣù kẹfà sí oṣù keje, òjò Ìkòròdú kì í jẹ́ kí ọmọ ata tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hù níta rójú ráàyè. Èyí tí òjò ò bá tẹ̀ mọ́lẹ̀, ìgbín àti adìyẹ àdúgbò á pín in jẹ. Ìdí nìyí tí àwọn kan fi ń ṣe nọ́sìrì wọn nínú yàrá, lábẹ́ gílóòbù, títí ata á fi ní ewé mẹ́rin márùn-ún. Gbogbo èèyàn ló mọ ti erùpẹ̀ àti omi. Ìmọ́lẹ̀ ni wọ́n ń ṣì.

Èrò tó ń gba owó lọ́wọ́ èèyàn lásán ni pé àfi iná elésè àlùkò. Kò rí bẹ́ẹ̀. Pupa àti búlúù ni ewé ń lò jù lóòótọ́, àmọ́ méjèèjì ti wà nínú iná funfun. Iná búlúù ló wà nínú gílóòbù LED funfun gan-an. Ẹ̀fun yẹ́lò tí wọ́n fi bo ojú ẹ̀ ló ń sọ apá kan búlúù náà di àwọ̀ ewé, yẹ́lò àti pupa, tí gbogbo ẹ̀ fi para pọ̀ di funfun lójú wa. Nítorí náà, gílóòbù wáàtì 9 tó wà ní ṣọ́ọ̀bù oníwáyà ti ní oúnjẹ ata nínú. Kí èèyàn ṣáà ka ara páálí ẹ̀: wáàtì ni ohun tí gílóòbù ń jẹ, lumen ni ohun tó ń mú jáde. Èyí tó bá ní lumen 800 sókè, tí wọ́n kọ 6500K sí (nọ́ńbà tó ń sọ àwọ̀ iná, èyí sì ni funfun bíi ti ojú ọ̀sán), ti tó. Èyí tí iná ẹ̀ pọ́n bíi ti àtùpà, búlúù inú ẹ̀ kéré, búlúù ló sì ń jẹ́ kí igi ata kúrú kó le.

Àlàfo tó wà láàárín gílóòbù àti ewé lọ̀rọ̀ wà. Àwọn ìyá tó ń yan ẹja ní Ẹ̀pẹ́ mọ èyí dáadáa: igi kan náà, iná kan náà, bí àwọ̀n bá fi ga jù, ẹja ò ní gbẹ. Ìmọ́lẹ̀ tó kúrò lẹ́nu gílóòbù ń fẹ̀ lọ ni. Bí àlàfo bá di ìlọ́po méjì, àyè tí ìmọ́lẹ̀ yẹn ń bò á di ìlọ́po mẹ́rin, ìdá kan nínú mẹ́rin ló sì máa kan ewé. Gílóòbù tó jìnnà sí ata ní mítà 2, bí a bá sọ ọ́ kalẹ̀ tó ku sẹ̀ǹtímítà 20, ohun tó ń kan ewé á fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po 100. Okùn lásán ló ṣe é, kọ́bọ̀ ò kúrò lápò. Kò sí ibi tó dùn tó èyí nínú iṣẹ́ yìí.

Ojú wa ni kì í jẹ́ ká mọ̀. Bí ìmọ́lẹ̀ bá dín kù, ọmọlójú á fẹ̀ sí i, yàrá á ṣì mọ́ lójú ẹni. Ewé ò ní ọmọlójú. Ọrùn ló máa nà, igi ẹ̀ á tẹ́ẹ́rẹ́ bí òwú, àwọ̀ ẹ̀ á ṣá, títí á fi dùbúlẹ̀ sórí erùpẹ̀.

Ọgbọ́n ìdí ààrò ṣì kù. Ẹja etí àwọ̀n kì í gbẹ bíi ti àárín, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pààrọ̀ àyè wọn. Ata etí tíréè náà máa ń tẹ̀ sí àárín, kí èèyàn máa yí tíréè po lójoojúmọ́. Wọ́n ń bo ẹja kí ooru má sá lọ. Bébà funfun tí a bá tò yí tíréè ká náà ń dá ìmọ́lẹ̀ padà sára ewé. Ibi tí wọ́n ti pínyà ni pé ẹja lè wà lórí iná mọ́jú, ata gbọ́dọ̀ sùn. Wákàtí 14 sí 16 ló fẹ́ lójúmọ́. Tòmátì, tó jẹ́ ìbátan ata, tí wọ́n bá tan iná sí tọ̀sán-tòru, ewé ẹ̀ á máa pọ́n, á sì bàjẹ́.

Iná ìjọba lè má gùn tó bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, àmọ́ àpapọ̀ wákàtí ọjọ́ ni ata ń lò. Gílóòbù méjì fún tíréè kékeré kan, wákàtí 14 lójúmọ́, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kò jẹ tó yúníìtì mẹ́fà.

Okùn ni kí ó gbé gílóòbù dúró, kì í ṣe wáyà, kí omi má sì kan hódà. Bí ata bá ṣe ń ga ni kí a máa fa okùn sókè. Nígbà tí òjò bá rọlẹ̀, kí wọ́n má gbé e sí oòrùn lójijì, torí ewé tó dàgbà lábẹ́ gílóòbù ò lágbára. Wákàtí kan lábẹ́ ìbòòji lọ́jọ́ kìíní, méjì lọ́jọ́ kejì, kí oòrùn òwúrọ̀ tó kàn án. Ó di bí ọjọ́ kẹjọ kó tó rí oòrùn ọ̀sán.