Òfin lílẹ àmì awakọ̀ tuntun mọ́ ọkọ̀

Àmì awakọ̀ tuntun ni pátákó pẹlẹbẹ, bébà alẹ̀mọ́ tàbí òòfà tí òfin ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ní kí ẹni tó ń kọ́ ọkọ̀ wíwà, tàbí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ìwé àṣẹ ìwakọ̀, fi sára ọkọ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti jẹ́ kí àwọn yòókù lójú títì mọ̀ pé ẹni tó ń wa ọkọ̀ náà kò tíì pẹ́ nídìí rẹ̀. Lẹ́tà orí rẹ̀, àwọ̀ rẹ̀ àti iye ọdún tí wọ́n fi ń lò ó yàtọ̀ láti ibì kan sí òmíràn, ṣùgbọ́n ìlànà kan wà tó fẹ́rẹ̀ẹ́ kárí gbogbo wọn: ẹni tó ń wakọ̀ ni àmì ń tẹ̀ lé, kì í ṣe ọkọ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́ àti ẹni tó ti yege

Àmì akẹ́kọ̀ọ́ wà fún ẹni tí kò tíì yege nínú ìdánwò ìwakọ̀. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ kì í sábà lẹ́tọ̀ọ́ láti dá wakọ̀. Ẹni tó ti ní ìwé àṣẹ ní láti jókòó tì í. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tó jókòó tì í náà gbọ́dọ̀ ti pé ọmọ ọdún 21, kó sì ti ní ìwé àṣẹ tirẹ̀ fún ọdún 3 ó kéré tán. Lẹ́tà L ló wọ́pọ̀ jù fún àmì yìí.

Àmì kejì wà fún ẹni tó ti yege, tó sì lè dá wakọ̀, àmọ́ tí òfin ṣì ń fojú ṣọ́. P ni wọ́n ń lò ní Australia àti Hong Kong, N ní Ireland àti ní British Columbia ní Kánádà, R ní Northern Ireland, A pupa ní ilẹ̀ Faransé. Rọ́ṣíà ń lo àmì ìyanu (!) dúdú lórí yẹ́lò. Estonia ń lo ewé igi maple aláwọ̀ ewé. Singapore ń lo onígun mẹ́ta aláwọ̀ ọsàn. Sípéènì ló lè da àlejò lójú rú: L funfun lórí àwọ̀ ewé ni tiwọn, ṣùgbọ́n ẹni tó ti yege ló ń lò ó, kì í ṣe akẹ́kọ̀ọ́.

Ìtàn

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, L pupa di dandan ní 1935, ọdún kan náà tí ìdánwò ìwakọ̀ di dandan níbẹ̀. Japan bẹ̀rẹ̀ àmì tirẹ̀, èyí tó dà bí ewé tútù tí ìdajì rẹ̀ jẹ́ yẹ́lò tí ìdajì kejì sì jẹ́ àwọ̀ ewé, ní 1972. Hong Kong fi P lé àwọn ọkọ̀ aládàáni ní 2009. N ti Ireland dé ní oṣù kẹjọ ọdún 2014.

Ìwọ̀n

Òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò fi ìwọ̀n sílẹ̀ fún èrò ẹnikẹ́ni. Pátákó náà jẹ́ onígun mẹ́rin funfun, mìlímítà 178 ní òòró àti ní ìbú. L pupa tó wà nínú rẹ̀ ga ní mìlímítà 102, ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn ní 89, ìlà rẹ̀ sì fẹ̀ ní 38. Ohun kan ṣoṣo tí wọ́n gbà kí èèyàn gé ni igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, tí wọ́n lè dá rìbìtì. Ní Ireland, lẹ́tà náà kò gbọ́dọ̀ kéré sí sẹ̀ǹtímítà 15 ní gíga.

Àwọn oníalùpùpù ni ọ̀rọ̀ yìí sábà máa ń kàn. Nítorí pé ààyè kò sí lára alùpùpù, àwọn mìíràn a ká pátákó náà yí irin iwájú ká tàbí kí wọ́n gé e kù. Èyí tí wọ́n gé ti jáde kúrò nínú ìwọ̀n, èyí tí wọ́n ká kò sì ṣeé kà láti ọ̀kánkán. Ẹni tí kò bá lẹ L rárá, tàbí tó lẹ èyí tí ìwọ̀n rẹ̀ kò pé, lè gba tó póìǹtì ìjìyà 6, ìyẹn àmì ẹ̀ṣẹ̀ tí wọ́n ń kọ sílẹ̀ fún awakọ̀ tó rú òfin, sórí ìwé àṣẹ rẹ̀.

Ibi tí wọ́n ń lẹ̀ ẹ́ sí

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Ireland, Japan, Singapore àti New South Wales ní Australia ń béèrè àmì méjì, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn. Ní ilẹ̀ Faransé, Sípéènì, Rọ́ṣíà, Ṣáínà àti British Columbia, ti ẹ̀yìn nìkan tó. Ó jọ pé èrò àwọn tó ń lo ẹyọ kan ni pé ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn ló nílò ìkìlọ̀ jù, nítorí òun ló lè fi ìkánjú sún mọ́ ọkọ̀ tó bá kú lójijì. Ti iwájú wúlò ní oríta, níbi tí ẹni tó dojú kọ ọkọ̀ náà ti ń wò ó bóyá yóò yà tàbí yóò dúró.

Japan fi ìwọ̀n sí gíga rẹ̀: àmì náà gbọ́dọ̀ wà láàárín mítà 0.4 sí 1.2 sí ilẹ̀. Ní New South Wales, ìta ọkọ̀ ni ó gbọ́dọ̀ wà. Singapore ní tirẹ̀ fi í sí igun ọ̀tún lókè gíláàsì iwájú àti ti ẹ̀yìn. Níbi tí wọ́n bá ti gba gíláàsì láàyè, àmì kò gbọ́dọ̀ dí awakọ̀ lójú. Gíláàsì dúdú tún ní ìṣòro tirẹ̀: àmì tí èèyàn lẹ̀ sí inú rẹ̀ lè hàn kedere sí ẹni tó jókòó nínú ọkọ̀, kí ẹni tó wà lẹ́yìn má rí nǹkan kan.

Òòfà ló rọrùn jù láti lẹ̀ àti láti yọ, ṣùgbọ́n irin nìkan ló ń dì mọ́. Kì í dúró lára bọ́ńbà oníke tàbí bọ́nẹ́ẹ̀tì alumíníọ̀mù. Bí ojú ibi tí wọ́n gbé e lé bá kọ́ rogodo, etí rẹ̀ kan á gbé sókè díẹ̀, atẹ́gùn á wọ abẹ́ rẹ̀ bí ọkọ̀ bá ti ń sáré, awakọ̀ kò sì ní mọ̀ títí yóò fi dúró kó tó rí i pé ọ̀kan ti já sọnù. Iyanrìn tó bá há sábẹ́ rẹ̀ máa ń ha ọ̀dà ọkọ̀. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń nu ojú ibẹ̀ kí wọ́n tó gbé e lé e.

Ìgbà tí ó yẹ kí wọ́n yọ ọ́

Bí ọmọ bá fi ọkọ̀ ilé kọ́ṣẹ́ láàárọ̀, tí bàbá rẹ̀ sì fẹ́ gbé e jáde lọ́sàn-án, ìwé ìlànà ojú pópó ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Highway Code, ní kí wọ́n yọ L kúrò tàbí kí wọ́n bò ó. Ọkọ̀ ilé ẹ̀kọ́ ìwakọ̀ nìkan ni kò kàn. Ìdí rẹ̀ kò fara sin: bí àmì bá ń wà lára ọkọ̀ tí àgbà ọ̀jẹ̀ ń wà, kò ní pẹ́ tí ojú àwọn èèyàn yóò fi fò ó. Bákan náà ni awakọ̀ tuntun tó yá ọkọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ gbé àmì tirẹ̀ dání.

Ní Wales, apá kan ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó bá England pààlà, akẹ́kọ̀ọ́ lè lo D, lẹ́tà àkọ́kọ́ ọ̀rọ̀ èdè Wales fún akẹ́kọ̀ọ́, dípò L. Ṣùgbọ́n bí ọkọ̀ bá ti kọjá ààlà sí England, L gbọ́dọ̀ wà lára rẹ̀.

Fún àwọn tó ti yege, ọdún 1 ni wọ́n fi ń lo àmì náà ní Japan, Ṣáínà, Singapore, Hong Kong àti Sípéènì. Ọdún 2 ní Ireland àti Rọ́ṣíà. Ní Faransé, ọdún 3 ni, àyàfi ẹni tó kọ́ ọ láti kékeré pẹ̀lú alábòójútó, tí tirẹ̀ jẹ́ 2. New South Wales pín tirẹ̀ sí P pupa, ó kéré tán ọdún 1, àti P aláwọ̀ ewé, ó kéré tán ọdún 2. Eré pẹ̀lú ní ààlà: P pupa kò gbọ́dọ̀ kọjá kìlómítà 90 ní wákàtí kan, ti aláwọ̀ ewé kò gbọ́dọ̀ kọjá 100.

Ojúṣe àwọn yòókù

Òfin Japan kò fi gbogbo ẹrù lé awakọ̀ tuntun lórí. Ó ṣẹ̀ sí òfin kí ẹlòmíràn fún ọkọ̀ tó ní àmì náà mọ́ ẹ̀gbẹ́ títì tàbí kó já wọ iwájú rẹ̀ láìjẹ́ pé ó ń sá fún ewu. Àwọn awakọ̀ tó ti pé ẹni ọdún 70 ní àmì tiwọn tó ń gbádùn ààbò kan náà.

Àríyànjiyàn

Ní Amẹ́ríkà, New Jersey ni ìpínlẹ̀ àkọ́kọ́ tó sọ ọ́ di dandan, ní 2010, fún àwọn awakọ̀ tuntun tí kò tíì pé ọdún 21. Bébà pupa kékeré ni wọ́n ń lẹ̀ mọ́ nọ́ńbà ọkọ̀. Àwọn òbí kan ta kò ó pé yóò máa júwe ọmọdé fún oníṣẹ́ ibi, ọ̀rọ̀ náà sì dé ilé ẹjọ́ tó ga jù ní ìpínlẹ̀ náà, tó fọwọ́ sí òfin ọ̀hún ní 2012. Bébà náà ṣeé yọ, kí òbí lè ṣí i kúrò nígbà tí òun fúnra rẹ̀ bá fẹ́ wa ọkọ̀.