Kóòdù HMO kọ́ ló ń fún dókítà pàjáwìrì láṣẹ

Gbólóhùn kan wọ́pọ̀ lẹ́nu àwa Yorùbá tó ń gbé Àbújá: “Dókítà yẹn kì í gba NHIS,” ìyẹn adójútòfò ìlera ti ìjọba àpapọ̀. Kò sí dókítà tó ń gba NHIS ní Nàìjíríà. Ilé ìwòsàn ló ń gbà á. Ẹni tí kò bá mọ ìyàtọ̀ yìí lè dúró ní casualty, yàrá pàjáwìrì, lóru, kó máa bẹ ẹni tí kò yẹ kó bẹ̀, kó sì gbà kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ owó dá ìtọ́jú dúró.

Òfin tí Ààrẹ Buhari buwọ́ lù ní oṣù Karùn-ún ọdún 2022 ti sọ NHIS di NHIA, ó sì sọ adójútòfò ìlera di dandan fún gbogbo ará ìlú. Lẹ́nu àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba, NHIS ló ṣì ń jẹ́.

Ìwé ẹ̀rí dókítà ní ọ̀nà tirẹ̀. Ó jáde yunifásítì, ó ṣe housemanship, iṣẹ́ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ní ilé ìwòsàn, fún ọdún kan, MDCN, àjọ tó ń ṣàkóso àwọn dókítà, forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ pátápátá, láti ìgbà náà ló ti ń gba láísẹ́ǹsì tuntun lọ́dọọdún. Ẹni tó bá fẹ́ di consultant, ọ̀gá nínú ẹ̀ka kan, á tún fi ọdún púpọ̀ ṣe residency, ẹ̀kọ́ṣẹ́ lórí ẹ̀ka náà. Ìṣègùn pàjáwìrì gẹ́gẹ́ bí ẹ̀ka tó dá dúró ṣì kéré lọ́jọ́ orí lọ́dọ̀ wa, nítorí náà medical officer tàbí dókítà tó ṣì wà lẹ́nu residency lẹ ó sábà máa bá ní casualty. Èyí kò sọ ọ́ di ayédèrú. Bí láísẹ́ǹsì ọdún yẹn bá ti wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní ẹ̀tọ́ láti fọwọ́ kan aláìsàn.

Ti ilé ìwòsàn yàtọ̀. NHIA máa ń yẹ ilé náà wò, ó ń wo irinṣẹ́, yàrá àyẹ̀wò àti ilé oògùn, ó sì ń béèrè láísẹ́ǹsì àwọn tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ibẹ̀ nìkan ni ọ̀nà méjèèjì ti kan ara wọn. Ẹ wo bọ́ọ̀sì tó ń ná Kubwa sí Berger. Awakọ̀ ní láísẹ́ǹsì tirẹ̀, ọkọ̀ ní ìwé tirẹ̀, bí VIO bá dá wọn dúró, á béèrè méjèèjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Owó ọkọ̀ tún wá jẹ́ ọ̀rọ̀ kẹta, àárín èrò àti ẹni tó ni ọkọ̀ ló wà. Bí ọmọdé bá já sójú títì lójijì, awakọ̀ kì í kọ́kọ́ wẹ̀yìn wò bóyá gbogbo èrò ti sanwó kó tó tẹ bíréèkì. Ọjọ́ tó gba láísẹ́ǹsì ni wọ́n ti fi bíréèkì yẹn sí ìkáwọ́ rẹ̀. Kóòdù tí HMO, ilé iṣẹ́ tó ń san owó adójútòfò fún ilé ìwòsàn, ń fún wọn, owó ọkọ̀ ni. Kì í ṣe bíréèkì.

Ibi tí kóòdù ti wá rèé. Ilé ìwòsàn tí ẹnì kan fi orúkọ sí ń gba owó kékeré lórí rẹ̀ lóṣooṣù, ìbáà ṣàìsàn, ìbáà má ṣe é. Capitation ni wọ́n ń pè é. ₦750 ni fún ọ̀pọ̀ ọdún, kí wọ́n tó sọ ọ́ di ₦1,450 ní 2025. Owó yẹn ló ń gbé ibà, ikọ́ àti àyẹ̀wò kéékèèké. Ohun tó bá ju agbára ilé ìwòsàn àkọ́kọ́ lọ, ilé ìwòsàn mìíràn ló máa ṣe é, HMO á sì san owó iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan fún un. Kóòdù ni ẹ̀rí pé HMO mọ̀ sí iṣẹ́ náà. Fún iṣẹ́ abẹ tó lè dúró di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ètò yìí mọ́gbọ́n dání gan-an, nítorí kì í jẹ́ kí wọ́n máa kọ bílì ohun tí wọn kò ṣe.

Ìgbà pàjáwìrì ni àléébù rẹ̀ ń hàn. Ká ní bàbá kan, òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀, ń gbé Kubwa, ṣùgbọ́n Garki ló forúkọ sí torí pé ibẹ̀ ló sún mọ́ ọ́fíìsì. Lálẹ́ Sátidé, ó lo oògùn àtọ̀gbẹ, kò jẹun, òógùn bò ó, ó ń sọ ìsọkúsọ, ó ṣubú. Aládùúgbò gbé e lọ sí ilé ìwòsàn tó wà nítòsí. Nǹkan méjì á bẹ̀rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Lápá kan, nọ́ọ̀sì gún un ní ìka, ó kán ẹ̀jẹ̀ sórí pélébé tó wà lẹ́nu ẹ̀rọ, láàárín ìṣẹ́jú àáyá, nọ́ńbà jáde: 38. Tó bá ti wálẹ̀ ju 70 lọ, ṣúgà ti kéré lára rẹ̀ nìyẹn. Ní 38, ọpọlọ ń pebi, bó bá sì pẹ́ bẹ́ẹ̀, ó lè bàjẹ́. Dókítà wá iṣan, ó fa dextrose, omi ṣúgà, sí i. Lápá kejì, níbi tábìlì NHIS, ọ̀gbẹ́ni kan ń bi ìyàwó aláìsàn pé: “Màmá, ẹ jọ̀ọ́, kí ni nọ́ńbà NHIA wọn? HMO wo ni?” Ó pe HMO, fóònù ń dún, kò sẹ́ni tó gbé e.

Apá kejì yìí kò gbọdọ̀ dá apá kìn-ín-ní dúró. Òfin Ìlera Orílẹ̀-èdè ti 2014, abala ogún, sọ pé ilé ìwòsàn tàbí òṣìṣẹ́ ìlera kò gbọdọ̀ kọ ìtọ́jú pàjáwìrì fún ẹnikẹ́ni nítorí ohunkóhun. Òfin 2017 lórí àwọn tí ìbọn bà tún sọ bákan náà nípa ìwé ọlọ́pàá: ìtọ́jú kì í dúró dè é.

Kí ló wá dé tí wọ́n fi ń dúró? Ẹ̀rù ni. Bí HMO bá sọ lẹ́yìn náà pé òun kò mọ̀ sí i, ilé ìwòsàn ló jẹ gbèsè. Ẹ̀rù náà á ti ọ́fíìsì akọ̀wé owó dé tábìlì, á ti ibẹ̀ dé etí dókítà. Ìyà tí òfin 2014 sì là kalẹ̀, ₦100,000 tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà tàbí méjèèjì, owó rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di yẹpẹrẹ lójú gbèsè alẹ́ kan ṣoṣo ní ICU, yàrá ìtọ́jú àkànṣe. Ní oṣù Kẹrin 2025, NHIA pàṣẹ pé kí HMO máa fún àwọn ilé ìwòsàn ní kóòdù láàárín wákàtí kan. Àṣẹ gidi ni fún ẹni tó ń dúró de iṣẹ́ abẹ. Fún ẹni tí ṣúgà rẹ̀ wà ní 38, wákàtí kan ti pẹ́ jù, mo sì ń bẹ̀rù pé àwọn kan á máa kà á sí wákàtí tí wọ́n lè fi dúró. Òfin 2014 kan náà ti ya ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún owó Basic Health Care Provision Fund, àpò owó ìjọba fún ìlera ìpìlẹ̀, sọ́tọ̀ fún pàjáwìrì. Bí owó yẹn bá ń tètè dé ọwọ́ ilé ìwòsàn, ẹ̀rù á dín kù.

Ẹni tó bá wà nídìí tábìlì lọ́jọ́ náà, kó sọ ọ́ ketekete pé pàjáwìrì ni, kó fún wọn ní nọ́ńbà NHIA, kó sì ní kí wọ́n kọ aago tí aláìsàn dé àti aago tí wọ́n pe HMO sínú fáìlì. Aago méjèèjì yẹn ni ilé ìwòsàn máa fi gbèjà ara rẹ̀ nígbà tó bá ń béèrè owó rẹ̀. Kí ẹni tó ń gbé Kubwa sì gbé ìforúkọsílẹ̀ rẹ̀ kúrò ní Garki wá sí Kubwa, nítorí òru àti òpin ọ̀sẹ̀ kì í bá a ní ọ́fíìsì.