Káàdì Wo Ni Ó Yẹ Kí A Jù Sílẹ̀ Nínú Belote?

Bí a bá dúró ti àwọn tó ń ta belote, eré káàdì kan, lábẹ́ igi ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú, a ó gbọ́ àríyànjiyàn lẹ́yìn ìpín kọ̀ọ̀kan, àríyànjiyàn náà kì í sì í sábà dá lórí ẹni tí káàdì rẹ̀ dára. Ohun tí wọ́n máa ń bi ara wọn ni pé, "Kí ló dé tí o fi di 10 yẹn mú títí as fi jẹ ẹ́?" tàbí pé, "As tí o fi pa mọ́, ta ni o ń fi í dè?" (As ni káàdì tí àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní ace.) Ohun tó ń fa ìjà náà ni káàdì tí òfin kò fi ipá mú ẹnikẹ́ni láti jù, ìyẹn èyí tí èèyàn fúnra rẹ̀ yàn nígbà tí ìdílé káàdì (irú bíi cœur tàbí pique) tí wọ́n gbé sílẹ̀ kò sí lọ́wọ́ rẹ̀. Níbẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ìpín ti ń bàjẹ́, níbẹ̀ náà sì ni a ti ń mọ ẹni tó mọ belote ta.

Eré yìí gbilẹ̀ ní Faransé ní nǹkan bí ọdún 1920, àwọn Faransé ni ó sì bá wọ ilẹ̀ tí a ń pè ní Dahomey nígbà náà (Benin òde òní). Káàdì 32 ni wọ́n fi ń ta á, láti orí 7 títí dé as, nínú ìdílé mẹ́rin: cœur (♥), carreau (♦), trèfle (♣) àti pique (♠). Èèyàn mẹ́rin ni ó ń jókòó, méjì sí méjì, ẹnì kọ̀ọ̀kan sì dojú kọ ẹnìkejì rẹ̀. Wọ́n á pín márùn-ún márùn-ún, wọ́n á ṣí káàdì kan sójú táyé, ẹni tí ó bá gbà á ni ó sọ ìdílé káàdì náà di atout, ìyẹn ìdílé tí ó ń borí àwọn mẹ́ta yòókù. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á pín ìyókù títí ẹnì kọ̀ọ̀kan yóò fi ní mẹ́jọ. Ìtajọ káàdì mẹ́rin, ẹnì kọ̀ọ̀kan ẹyọ kan, ni à ń pè ní pli, pli mẹ́jọ ni ó sì wà nínú ìpín kan.

Nínú ìdílé tí kì í ṣe atout, as ni ó ga jù, àmì 11 sì ni tirẹ̀. 10 tẹ̀ lé e pẹ̀lú àmì 10, lẹ́yìn náà ọba 4, ayaba 3, valet (J) 2. 9, 8 àti 7 kò ní nǹkan kan. Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ eré náà ní láti tètè fi sọ́kàn pé 10 ju ọba lọ. Nínú atout, valet ni olórí pẹ̀lú àmì 20, 9 tẹ̀ lé e pẹ̀lú 14, kí as, 10, ọba àti ayaba tó wá tò tẹ̀ lé wọn bí ti tẹ́lẹ̀. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 152. Ẹni tó bá kó pli tó kẹ́yìn gba 10 sí i, ó di 162. Ìhà tí ó gba atout gbọ́dọ̀ ní ó kéré tán 82, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, gbogbo 162 di ti ìhà kejì.

Òfin kò fi àyè púpọ̀ sílẹ̀. Ẹni tó bá ní ìdílé tí wọ́n gbé sílẹ̀ gbọ́dọ̀ fi í dáhùn. Bí kò bá ní in, tí ọ̀kan nínú àwọn alátakò sì ni ó ń jẹ pli náà lọ́wọ́lọ́wọ́, ó gbọ́dọ̀ fi atout gé e, bí ó bá ní atout. Ìgbà méjì péré ni ọwọ́ rẹ̀ tú: ìgbà tí kò ní ìdílé náà tí kò sì ní atout rárá, àti ìgbà tí kò ní ìdílé náà ṣùgbọ́n tí ẹnìkejì rẹ̀ ni ó ń jẹ pli. Ìgbà méjèèjì yìí ń béèrè ìrònú tó yàtọ̀ pátápátá, nítorí pé ní ọ̀kan à ń fi ẹrù ránṣẹ́ sílé ara ẹni, ní èkejì ẹrù náà ń lọ sí ilé ẹlòmíràn.

Bí ó bá dájú pé ẹnìkejì ẹni ni yóò kó pli náà, àmì ni ó yẹ kí a kó lé e lórí. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń kọ́kọ́ nawọ́ sí as, nítorí pé 11 ju 10 lọ, ṣùgbọ́n nínú ọ̀pọ̀ ìpín àṣìṣe ni èyí. As lè dá kó pli fúnra rẹ̀. 10 kò lè ṣe bẹ́ẹ̀ níwọ̀n ìgbà tí as ìdílé rẹ̀ bá ṣì wà níta. Nítorí náà, 10 tí ó dá wà, tí kò ní káàdì kékeré kankan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ni ó yẹ kí ó kọ́kọ́ lọ, nítorí pé ní ọjọ́ tí alátakò bá gbé as kalẹ̀, tipátipá ni yóò fi bọ́ sílẹ̀. Èyí tí 7 tàbí 8 bá ń ṣọ́ lè dúró díẹ̀: bí as bá jáde, 7 ni a ó jù sí i, 10 á sì di olórí ìdílé náà. Bí as bá sì ti jáde tẹ́lẹ̀, 10 ti jọba nìyẹn, kò sí ìdí láti yára jù ú nù.

As náà ní ewu tirẹ̀, ewu náà sì wà níbi tí àwọn tó ń ta kì í sábà fojú sí. Ìdílé kọ̀ọ̀kan kò ní ju káàdì mẹ́jọ lọ. Bí tiwa nínú rẹ̀ bá ṣe pọ̀ tó ni tàwọn yòókù ń kéré tó, bí tiwọn bá sì ṣe kéré tó ni ó ṣe rọrùn tó kí alátakò kan má ní ẹyọ kan níbẹ̀, kí ó sì fi atout gé as wa. Kí á mú ẹni tí kò tíì rí ju káàdì mẹ́jọ ọwọ́ ara rẹ̀ lọ. Bí ó bá ní as pẹ̀lú ẹyọ kan ṣoṣo mìíràn nínú ìdílé náà, nǹkan bí ìgbà 88 nínú 100 ni àwọn alátakò méjèèjì yóò ní ó kéré tán ẹyọ kọ̀ọ̀kan, tí as yóò sì kó pli rẹ̀ ní àkọ́gbé láìsí ewu. Bí káàdì rẹ̀ níbẹ̀ bá jẹ́ mẹ́ta, ó wá sí nǹkan bí 80; bí ó bá jẹ́ mẹ́rin, ó di 66; bí ó bá jẹ́ márùn-ún, kò pé 50 mọ́, ó di 47. Òótọ́ ni pé alátakò tí kò ní ìdílé náà lè má ní atout pẹ̀lú, nítorí náà kì í ṣe gbogbo ìgbà ni wọ́n máa gé e. Síbẹ̀, ìṣirò yìí yí èrò tó wọ́pọ̀ po. Inú èèyàn máa ń dùn sí as tí ọmọ ìdílé rẹ̀ yí i ká lọ́wọ́ ẹni, bẹ́ẹ̀ sì ni as yẹn gan-an ni ó yẹ kí á tètè kó lé pli ẹnìkejì ẹni. As kúkúrú, èyí tí ọmọ ìdílé rẹ̀ kò pọ̀ lọ́wọ́ ẹni, ni ó yẹ kí á fi pa mọ́.

Kí á wo ọwọ́ kan. Ẹnìkejì ẹni ni ó gba atout, cœur sì ni. Káàdì mẹ́jọ tó wà lọ́wọ́ wa ni as, ọba, 9, 8 àti 7 pique, 10 àti 7 carreau, pẹ̀lú 10 trèfle tí ó dá wà. Cœur kankan kò sí. Ẹnìkejì gbé valet cœur sílẹ̀. Kò sí káàdì tí ó lè bo èyí mọ́lẹ̀, nítorí náà pli ti di tiwa, a sì lè kó ohun tó bá wù wá lé e. Káàdì mẹ́ta ni ó ń béèrè láti lọ: 10 trèfle nítorí pé ó dá wà, 10 carreau nítorí pé as rẹ̀ wà níta, àti as pique nítorí pé ìdílé rẹ̀ gùn. 10 trèfle ni ó gbọ́dọ̀ ṣíwájú, nítorí pé kò ní ààbò kankan. Ẹnìkejì tún gbé 9 cœur sílẹ̀, òun náà ti di olórí báyìí. Níhìn-ín ni àwọn tó mọ eré náà dáadáa pàápàá lè má fohùn ṣọ̀kan, ṣùgbọ́n 10 carreau ni ìdáhùn tó dára jù lójú ẹni tó ń kọ èyí. Atout àwọn alátakò ni ohun tó ń dẹ́rù ba as pique, atout yẹn gan-an ni ẹnìkejì sì ń fà jáde lọ́wọ́ wọn ní pli méjèèjì yìí. Ewu rẹ̀ ń dín kù bí eré ti ń lọ. As carreau ní tirẹ̀ wà níbi tí ó wà, atout tí à ń fà kò kàn án. Ohun tí ewu rẹ̀ kò dín kù ni à ń kọ́kọ́ gbé kúrò lójú ọ̀nà.

Gbogbo èyí dúró lórí ọ̀rọ̀ kan: "bí ó bá dájú." Ẹni tó bá jókòó sí ipò kẹrin kò ní ìṣòro, nítorí pé kò sí ẹni tí yóò ta lẹ́yìn rẹ̀. Ẹni tó wà ní ipò kẹta, tí ẹnìkejì rẹ̀ gbé as pique sílẹ̀, ṣì ní alátakò kan lẹ́yìn tí ó lè gé e. Ẹ̀rí tó wà nílẹ̀ ni kí ó fi ṣe ìdájọ́. Ṣé wọ́n ti gbé pique sílẹ̀ rí? Ṣé alátakò yẹn fi pique dáhùn nígbà náà? Atout mélòó ló ti jáde nínú mẹ́jọ? Kíka atout kò le, mẹ́jọ péré ni, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ ló ń ta belote fún ọdún gbọọrọ láì kà á. Bí iyèméjì bá pọ̀, ọba tí ó jẹ́ àmì 4 tó láti fi dán an wò, kí 10 máa dúró de pli tó ń bọ̀.

Bí pli bá ń lọ sọ́dọ̀ àwọn alátakò, tí atout kò sì sí lọ́wọ́ ẹni, káàdì tí kò ní àmì ni a ó jù. Èyí yé gbogbo èèyàn. Ohun tí kò yé gbogbo èèyàn ni pé 7 kan kò dọ́gba pẹ̀lú 7 mìíràn. Kí á gbà pé ohun tó ṣẹ́ kù lọ́wọ́ wa ni 10 àti 7 carreau, pẹ̀lú ọba àti 8 pique, tí alátakò sì ń fi as trèfle jẹ pli. 7 àti 8 kò ní àmì, méjèèjì dà bí ẹni pé ọ̀kan náà ni wọ́n. Ṣùgbọ́n 7 yẹn ni ó ń ṣọ́ 10, 8 yẹn sì ni ó ń ṣọ́ ọba. Ẹni tó bá ju 7 ti fi àmì 10 sínú ewu. Ẹni tó bá ju 8 fi 4 sínú ewu. Nígbà mìíràn, ó tilẹ̀ sàn kí á fi valet tí ó ní àmì 2 ta wọ́n lọ́rẹ ju kí á tú ẹ̀ṣọ́ 10 ká lọ.

Ìgbà kan wà tí káàdì òfìfo dára ju àmì lọ lórí pli ẹnìkejì ẹni pàápàá. Bí a bá ní atout kékeré méjì, tí ọ̀kan nínú ìdílé yòókù sì jẹ́ 8 trèfle kan ṣoṣo, jíjù 8 yẹn ń sọ wá di ẹni tí kò ní trèfle. Nígbà tí alátakò bá gbé as trèfle rẹ̀ kalẹ̀, atout kékeré tí kò ní àmì kankan ni yóò lọ mú àmì 11 náà wálé, àyàfi tí alátakò tó kù bá fi atout tó ga ju tiwa gé e. Bí ohun tí à bá fi kún pli ẹnìkejì kò bá ju ọba kan lọ, 8 ni kí ó lọ.

Káàdì tí a jù tún ń sọ̀rọ̀, nítorí pé ẹnu kò gbọdọ̀ sọ ọ́. Ní tábìlì kan, ìdílé tí èèyàn bá kọ́kọ́ jù sílẹ̀ ni ó fẹ́ kí ẹnìkejì òun gbé wá. Ní òmíràn, òun gan-an ni ó ń sọ pé òun kò fẹ́. Kí àwọn méjèèjì fi ẹnu kò kí wọ́n tó jókòó, ó tán.

Iye tó wà nílẹ̀ ń yí ìdájọ́ padà bí eré bá ń lọ sí òpin. Ìhà tó gba atout tí ó sì ti kó 82 lè máa ta fàlàlà. Bí ó bá ṣì wà ní 70, 10 kan ṣoṣo tó bọ́ sọ́wọ́ àwọn alátakò lè sọ gbogbo ìpín náà di tiwọn. Pli tó kẹ́yìn ni ó sì máa ń yanjú rẹ̀, nítorí àmì 10 tó wà lórí rẹ̀. Kí á ní ó ku káàdì méjì lọ́wọ́ wa, as pique àti 10 carreau, as carreau ṣì wà níta, atout ti tán nílẹ̀, ẹnìkejì wa sì ń jẹ pli keje. Bí a bá ju as, a rí 11 gbà, 10 ni ó ṣẹ́ kù fún ìkẹyìn. Bí a bá ju 10, a rí 10 gbà, as ni ó ṣẹ́ kù. Bí pli kẹjọ bá bọ́ sọ́wọ́ àwọn alátakò ní ọ̀nà méjèèjì, ìyàtọ̀ láàárín wọn kò ju àmì kan lọ. Ṣùgbọ́n ẹnìkejì wa ni yóò gbé káàdì ìkẹyìn sílẹ̀, bí ó bá sì jẹ́ pique, as wa yóò kó ó pẹ̀lú àmì 21 ó kéré tán. Nítorí náà 10 carreau ni a ó jù, àfi bí ẹnìkejì wa bá ti fi hàn nínú pli ìṣáájú pé òun kò ní pique mọ́, nígbà yẹn ni kí as lọ.