Ọ̀dà Tó Bó Nísàlẹ̀ Ògiri Kì í Ṣe Gbèsè Ayálégbé

Ó ti sú mi. Bí wọ́n bá ti ní kí n wá yẹ ilé wò nítorí ayálégbé tó fẹ́ kó jáde, ẹjọ́ kan náà ni mo máa ń bá nílẹ̀. Ayálégbé ń béèrè owó kọ́ṣọ̀n, ìyẹn owó ìdúró fún ohun tó bá bàjẹ́, tó san lọ́jọ́ tó gbalé. Onílé ń nawọ́ sí ìsàlẹ̀ ògiri níbi tí ọ̀dà ti bó, ó ní ibẹ̀ ni owó náà máa tán sí. Èmi tí mò ń kọ ọ̀rọ̀ yìí, ẹ̀kọ́ nípa ilé àti ilẹ̀ ni mo gboyè nínú rẹ̀, ESVARBON, ìgbìmọ̀ tó ń forúkọ àwọn akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ nípa ilé àti ilẹ̀ sílẹ̀ ní Nàìjíríà, ló sì fún mi níwèé àṣẹ. Mi ò kì í ṣe ajẹ́ǹtì abẹ́ igi. Tí mo bá ní ògiri kan kò sí lọ́rùn ayálégbé, mo mọ ohun tí mò ń sọ.

Iṣẹ́ ayálégbé kò ṣòro, mi ò sì ní pẹ́ lórí rẹ̀. Ẹ gbálẹ̀, ẹ fọ òróró kúrò lára táìlì ilé ìdáná, ẹ fọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ẹ dí ihò ìṣó tí ẹ kàn, ẹ san gbèsè iná, ẹ dá gbogbo kọ́kọ́rọ́ padà. Ìlẹ̀kùn tí ọmọ yín fọ́, ẹ tún un ṣe. Àwọn kan kì í gbálẹ̀ ilé tí wọ́n ń kó kúrò, wọ́n ní àwọn ò fẹ́ gbá oríire àwọn sílẹ̀ fún ẹlòmíràn. Pàǹtírí lásán ni wọ́n ń fi sílẹ̀, inú kọ́ṣọ̀n wọn ni onílé yóò sì ti yọ owó tó fi kó o. Ó lẹ́tọ̀ọ́ bẹ́ẹ̀.

Òfin ilé gbígbé Ìpínlẹ̀ Èkó tọdún 2011 ní kí ayálégbé tọ́jú ilé, àmọ́ ó yọ ohun tó gbó nítorí lílò sílẹ̀. Ọ̀dà tó ṣá lẹ́yìn ọdún mélòó kan kì í ṣe gbèsè ẹnikẹ́ni. Òfin yìí kan náà ní kí onílé kọ rìsíìtì ọ̀tọ̀ fún owó kọ́ṣọ̀n, kí ó sì máa ṣàlàyé lórí ìwé, ó pẹ́ tán lẹ́yìn oṣù mẹ́fà mẹ́fà, bí ó ṣe ná an. Mélòó nínú yín ló ti béèrè?

Ó wá ku ìsàlẹ̀ ògiri. Lọ́pọ̀ àdúgbò l'Ékòó, omi kò jìnnà sí ojú ilẹ̀. Búlọ́ọ̀kù ní ihò tín-ín-tìn-ìn-tín nínú, omi á sì gba inú ihò yẹn gòkè bí kẹrosíìnì ṣe ń gun òwú àtùpà. Ohun tó yẹ kó dá a dúró ni ọ̀rá tó nípọn tí à ń tẹ́ sórí ìpìlẹ̀ ká tó gbé ògiri lé e, níbi tí àwọn bíríkìlà ń pè ní DPC. Onílé tí kò tẹ́ ọ̀rá yìí, tàbí tó tẹ́ èyí tó ti ya, ti ṣílẹ̀kùn fún omi kí ayálégbé kankan tó dé. Omi náà ń gbé iyọ̀ inú ilẹ̀ dání. Bó bá jẹ́ yanrìn etí òkun tí wọn kò fọ̀ ni wọ́n fi mọ búlọ́ọ̀kù, iyọ̀ ti wà nínú ògiri tẹ́lẹ̀. Tí omi bá gbẹ, iyọ̀ á ṣẹ́kù, á di ìyẹ̀fun funfun lábẹ́ ọ̀dà, á máa tì í títí yóò fi bó. Ẹ fọwọ́ ra á, ìyẹ̀fun náà á lẹ̀ mọ́ ìka yín. Ibi tó ga dé fẹ́rẹ̀ẹ́ máa ń dọ́gba láti igun kan dé èkejì, kì í sì í sábà ga ju mítà kan àti díẹ̀ lọ.

Èyí tí ayálégbé fà yàtọ̀ pátápátá. Igun òkè ni, tàbí ẹ̀yìn wọ́ọ̀dùróòbù, nínú yàrá tí wọ́n ń sá aṣọ tútù sí tí wọn kì í ṣí fèrèsé. Ojú ògiri á bu, á ní àmì dúdú wínníwínní. Bí ẹ bá ṣì ń jiyàn, ẹ gé fóìlì tí wọ́n fi ń wé oúnjẹ, ẹ fi sẹ́lótéèpù lẹ etí rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin mọ́ ògiri, ẹ fi sílẹ̀ di ọ̀túnla. Bí ẹ̀yìn rẹ̀ tó kọjú sí ògiri bá rin, inú ògiri ni omi ti wá. Bó bá jẹ́ ojú tó kọ sí yàrá ló rin, omi inú afẹ́fẹ́ yàrá ló fà á.

Ohun tó ń bí mi nínú jù ni àwọn tó sọ ọ̀rọ̀ omi di ọ̀rọ̀ ẹ̀mí. Ìyá aláṣọ kan ní Bàrígà ní kí n wá bá òun gba owó òun. Mo fi kọ́kọ́rọ́ gún ìsàlẹ̀ ògiri yàrá rẹ̀, ó wọlé dé ìdí. Mo wo ilẹ̀, mo rí iyọ̀ tó ti di omi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri.

“Màmá, ta ló ní kí ẹ da iyọ̀ síbí?”

“Wòlíì wa ni, ọmọ mi. Ó ní omijé àwọn tó ti gbé ibí rí ló ń sun lára ògiri. Ó ní kí n máa dà á sí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lóṣooṣù.”

Ohun tó ń jẹ ògiri náà gan-an ni màmá ń rà lọ́jà wá bù kún un! Iyọ̀ a máa fa omi inú afẹ́fẹ́ mọ́ra. Ẹni tó bá ti fi ike iyọ̀ sílẹ̀ láìdé lásìkò òjò ti rí i. Wòlíì tí kò mọ̀ nípa ilé, kí ó gbàdúrà, kó fi ògiri sílẹ̀. Ajẹ́ǹtì onílé tún dá kún un. Òun ló ti ní kí wọ́n fi ọ̀dà olóróró kun ìsàlẹ̀ ògiri náà, ọ̀dà sì dí ojú ògiri pa, omi tí kò ríbi gbẹ sí bá tún gun òkè sí i. Ẹni tí kò kọ́ṣẹ́ ló ń gba kọmíṣọ̀n lórí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀.

Mo ní kí wọ́n gbẹ́ ìdí ògiri níta. Kò sí ọ̀rá kankan níbẹ̀. Ẹjọ́ tó yẹ kí màmá jàre pátápátá nìyẹn, ṣùgbọ́n onílé nawọ́ sí iyọ̀, mi ò sì lè fẹnu ara mi sọ pé iyọ̀ kò dá kún un. Ìdajì owó kọ́ṣọ̀n rẹ̀ ni màmá rí gbà.

Ẹni tó bá ń lọ gbalé lọ́sẹ̀ yìí, kí ó ya fọ́tò ìsàlẹ̀ gbogbo ògiri lọ́jọ́ tó gba kọ́kọ́rọ́, kí ó fi ránṣẹ́ sí onílé lórí WhatsApp lọ́jọ́ náà gan-an. Ilé tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kun ìsàlẹ̀ rẹ̀ nìkan, tí òkè ṣì jẹ́ ọ̀dà àtijọ́, ẹ béèrè ìdí kí ẹ tó fọwọ́ sí ẹgirimẹ́ǹtì.