Bí Íntánẹ́ẹ̀tì Ṣe Ń Gba Afẹ́fẹ́ Dé Abúlé

Èkó ni èyí tó pọ̀ jù nínú íntánẹ́ẹ̀tì Nàìjíríà ti ń bọ́ sórí ilẹ̀. Àwọn okùn fáíbà (okùn gíláàsì tín-ín-rín tó ń fi ìmọ́lẹ̀ gbé ìsọfúnni) bíi MainOne (2010) àti Equiano (2022) gba abẹ́ òkun wá síbẹ̀, wọ́n sì ń ri fáíbà mìíràn mọ́lẹ̀ láti ibẹ̀ lọ sí àwọn ìlú ńlá. Ibi tí fáíbà bá parí sí ni wàhálà abúlé ti ń bẹ̀rẹ̀. Owó ńlá ni ilẹ̀ gbígbẹ́, ilé ogójì kò sì lè dá a padà, ni wọ́n ṣe ń gba ojú ọ̀run.

Ká ní abúlé kan fi kìlómítà 10 jìnnà sí ìlú tí fáíbà dé. Wọn yóò ri òpó kan sí ìlú, òmíràn sí abúlé, wọn yóò sì de àwo kékeré mọ́ orí méjèèjì kí wọ́n kọjú síra, kí wọ́n máa fi ìgbì rédíò gbé íntánẹ́ẹ̀tì fún ara wọn. Àwọn àwo yìí gbọ́dọ̀ rí ara wọn, àmọ́ ìyẹn nìkan kò tó. Ìgbì rédíò kì í tín-ín-rín bí okùn tí a fà; ó máa ń wú láàárín ọ̀nà. Bó bá jẹ́ ìgbì 5.8 GHz (èyí tó ń mì ní bílíọ̀nù 5.8 ìgbà ní ìṣẹ́jú àáyá kan) ni wọ́n lò, ó yẹ kí nǹkan bíi mítà 7 ṣófo yí ìlà náà ká ní agbedeméjì. Igi kan tó yọrí síbẹ̀ lè ba iṣẹ́ jẹ́, pàápàá nígbà òjò, torí omi ara ewé máa ń mu agbára ìgbì. Àwọn ará Òkè Ògùn àti Ìdànrè rí ṣe níbí: ẹni tó bá gun orí àpáta kò nílò òpó gíga mọ́.

Láti òpó abúlé ni wọn yóò ti pín in fún àwọn ilé. Gbogbo ilé ló jọ ń pín ohun tó gba àwo yẹn wọlé, ìdí nìyẹn tó fi máa ń fà lálẹ́ nígbà tí gbogbo wọn bá ń lò ó.

Sátẹ́láìtì kò nílò òpó ìlú rárá. Ti àtijọ́ ga tó kìlómítà 35,786, ohùn ẹni a sì máa pẹ́ kó tó dé. Àwọn ti Starlink, ilé iṣẹ́ tó ń ta íntánẹ́ẹ̀tì sátẹ́láìtì, tó dé Nàìjíríà ní oṣù kìíní ọdún 2023, kò ju nǹkan bíi kìlómítà 550 lọ sókè, nítorí náà wọ́n yá. Ẹ̀rọ rẹ̀ ló wọ́n. Ó sàn kí abúlé dáwó ra ẹyọ kan sí ilé ìwé, kí wọ́n fi Wi-Fi pín in.

Iná gan-an ló le jù. Àwo kékeré kò jẹ iná púpọ̀. Páńẹ́ẹ̀lì sólà àti bátìrì tó fún un (bí olè kò bá tú u lọ). Òpó ńlá ilé iṣẹ́ fóònù tó ń lo jẹnẹrétọ̀ ńkọ́? Dísù ni wọ́n gbọ́dọ̀ máa gbé gba ọ̀nà búburú lọ bá a. Òfin ìbánisọ̀rọ̀ ọdún 2003 dá USPF, àpò owó ìjọba fún ìbánisọ̀rọ̀, sílẹ̀ láti ṣèrànwọ́ níbi tí èrè kò sí, owó tí NCC (àjọ tó ń ṣàkóso ìbánisọ̀rọ̀ ní Nàìjíríà) ń gbà lọ́wọ́ àwọn ilé iṣẹ́ wọ̀nyí sì wà lára ohun tó ń wọ inú rẹ̀. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí òpó bá dúró tán, ẹnì kan lábúlé gbọ́dọ̀ mọ bí wọ́n ṣe ń gùn ún, kó tún àwo tí ìjì yí lójú kọ síbi tó yẹ.