Ọmọ ti buwọ́ lùwé, ṣùgbọ́n imú ìyá ni

Ìgbàgbọ́ kan wà tí mò ń bá pàdé n'Íbàdàn yìí títí ó fi sú mi, ìyẹn ni pé bí wọ́n bá ti gbé òbí lọ sí ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó, tí ọmọ rẹ̀ buwọ́ lùwé, tó sì ń sanwó lóṣooṣù, òbí náà kò lẹ́nu mọ́ lórí ohun tí wọn yóò fi ara rẹ̀ ṣe. Nínú ìlú tí UCH, ilé ìwòsàn ńlá ti yunifásítì, ti ní ibùdó ìtọ́jú àwọn àgbà láti ọdún 2012, ó yẹ kí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ti kásẹ̀ nílẹ̀.

N kò ní pẹ́ lórí òfin, nítorí kò fara sin. Abala 23 nínú Òfin Ètò Ìlera ti ọdún 2014 pàṣẹ pé kí olùtọ́jú ṣàlàyé àìsàn, irú ìtọ́jú tó wà, àǹfààní, ewu àti iye owó rẹ̀ fún aláìsàn, kó sì jẹ́ kó mọ̀ pé ó lẹ́tọ̀ọ́ láti kọ̀, pẹ̀lú ohun tí kíkọ̀ náà lè fà. Ní ọdún 2001, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ gbè lẹ́yìn dókítà kan tó bọ̀wọ̀ fún ìpinnu obìnrin tó kọ̀ láti gba ẹ̀jẹ̀ nítorí ẹ̀sìn rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé obìnrin náà kú.

Ìwé tí ọmọ ń buwọ́ lù yẹn gan-an ló ń yọ mí lẹ́nu. Mo ka irú rẹ̀ nígbà tí a gbé ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin lọ sí ilé kan: orúkọ, nọ́ńbà fóònù, ẹni tí yóò máa sanwó, oúnjẹ tí kì í bá a lára mu, ẹni tí wọn yóò pè bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ lóru. Ìwé ìgbàwọlé ni. Ní ọjọ́ kan tí mo lọ kí wọn, nọ́ọ̀sì gbé rọ́bà tí wọ́n ń gba imú fi oúnjẹ sínú wá fún màmá tó wà ní bẹ́ẹ̀dì kejì. Màmá fọwọ́ bo imú, ó kọjú sí ògiri. Ó ní ìwọ̀nba ẹ̀kọ tí òun bá lè fẹnu mu ti tó òun.

"Màmá, ọmọ yín ti sáìn."

"Ó ti sáìn, mo gbọ́. Ṣé imú ẹ̀ lẹ fẹ́ kì í sí ni?"

Nọ́ọ̀sì wá yíjú sí mi, ó ní màmá kò mọ ọjọ́ tí òní jẹ́, nítorí náà kò lè kọ̀. Bẹ́ẹ̀, ohun tó yẹ kí wọ́n wò ni bóyá àlàyé yé e, bóyá ó lè rò ó wò, kó sì sọ ohun tó fẹ́. Ẹni tó ṣi ọjọ́ Ẹtì pè ní Ọjọ́bọ̀ ṣì lè mọ̀ pé òun kò fẹ́ rọ́bà nímú. Ó sì jọ mí lójú pé ní ọjọ́ tó bá na apá fún abẹ́rẹ́, kò sẹ́ni tí í bi í léèrè ọjọ́.

N kò sọ pé gbogbo kíkọ̀ ni kí wọ́n gbà lójú ẹsẹ̀. Àrùn ojú ìtọ̀ nìkan lè dàrú ọkàn àgbàlagbà fún ọjọ́ mélòó kan, ìbànújẹ́ ọkàn náà lè mú kó kọ ohun gbogbo, ó sì tọ́ kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, kí wọ́n sì padà wá bi í. Bí làákàyè bá sì ti lọ pátá, bóyá ọmọ ló kù tí yóò sọ̀rọ̀, bí ó bá lè sọ ohun tí ìyá rẹ̀ ì bá sọ.

Ìlà kan ṣì wà nísàlẹ̀ ìwé tí mo ní mo kà, tí wọ́n fi lẹ́tà wínníwínní kọ, pé ìdílé fọwọ́ sí ìtọ́jú yòówù tí ilé bá rí i pé ó yẹ. N kò rò pé ilé ẹjọ́ yóò ka irú ìlà bẹ́ẹ̀ sí, nítorí kò sí bí èèyàn ṣe lè fọwọ́ sí ohun tí wọn kò tíì ṣàlàyé fún un, ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì tó wà lẹ́nu iṣẹ́ lóru kì í ṣe adájọ́. Kí ẹni tí wọ́n bá gbé ìwé náà fún fi bírò fagi lé ìlà náà kó tó buwọ́ lùwé, kó sì ní kí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ ẹnu òbí rẹ̀ sínú fáìlì, pẹ̀lú déètì.