Gbèsè tó wà lórí mọ́tò: bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ sílẹ̀, bẹ́ ẹ ṣe lè yẹ̀ ẹ́ wò kẹ́ ẹ tó sanwó

Àwọn lọ́yà àtàwọn ará báǹkì máa ń pè é ní security interest, orúkọ ńlá lásán ni, ọ̀rọ̀ inú ẹ̀ ò le. Èèyàn yá owó, ó wá fi nǹkan ìní ẹ̀ dúró, pé bóun ò bá rí owó yẹn san, kí wọ́n gbé e. Ṣùgbọ́n nǹkan yẹn ò kúrò lọ́wọ́ ẹ̀ o. Tẹ́ ẹ bá gbé ṣéènì góòlù lọ dógò, ẹni tó yá yín lówó ló máa kó o sápótí, kò sí bẹ́ ẹ ṣe máa tún tà á fún ẹlòmíì. Mọ́tò tí wọ́n fi gba lóònù, ẹni tó jẹ gbèsè ló ṣì ń wà á kiri, kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ ẹ̀, pépà náà lè wà lọ́wọ́ ẹ̀, ibẹ̀ gan-an ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ká ní Mufu ń fi Sienna kó èrò láti Ìjẹ̀bú-Òde lọ sí Ìbàdàn. Ó gba lóònù, ó fi Sienna yẹn dúró, ó san án fóṣù mélòó kan, nígbà tó yá epo wọ́n, ọwọ́ ò ká a mọ́, ó ní òun á ta mọ́tò. Ẹ̀yin dé, ẹ mú mẹkáníìkì yín dání, ó gbọ́ ẹ́ńjìnnì, ó yẹ gíà wò, ẹ ní kí wọ́n tan AC ó tutù nini, ẹ wo láísẹ́ẹ̀sì, ẹ wo proof of ownership, ẹ wo pépà kọ́sítọ́ọ̀mù, kò séyìí tó ní wàhálà níbẹ̀, orúkọ Mufu ló wà níbẹ̀ gbàgàdà. Ẹ sanwó. Ó di ọjọ́ kan, àwọn tó ń gba gbèsè dé sẹ́nu géètì yín. Mufu ò gbé ayédèrú pépà fún yín o, ojúlówó ni gbogbo ẹ̀, àmọ́ orúkọ ẹni tó ni mọ́tò ni pépà ń sọ, kì í sọ iye ẹni tó ń dúró de owó lórí ẹ̀. Gbèsè tí wọ́n ti kọ sílẹ̀ lórí mọ́tò, tí wọ́n bá ta mọ́tò yẹn, ó ń bá a lọ ni.

L'Ámẹ́ríkà, orí pépà tó ń sọ ẹni tó ni mọ́tò ni wọ́n máa ń kọ orúkọ ẹni tó yáni lówó sí. Ní tiwa níbí, àwọn báǹkì kan máa ń ní kí wọ́n kọ orúkọ àwọn mọ́ ti oní-mọ́tò, torí náà tẹ́ ẹ bá rí orúkọ báǹkì lórí pépà, ẹ má kàn fojú fò ó. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo wọn ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, ìyẹn ló fà á tí CBN fi dá ìwé àkọsílẹ̀ kan sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní 2016, níbi táwọn tó ń yáni lówó ti máa ń kọ nǹkan tí wọ́n fi dúró sílẹ̀, National Collateral Registry lorúkọ ẹ̀. Òfin tó gbé e ró wá dé ní 2017, ọmọ Ìkẹ́nnẹ́ wa yìí, Yẹmí Ọ̀ṣínbàjò, ló fọwọ́ sí i nígbà tó ń ṣe adelé Ààrẹ. Mi ò mọ̀ bóyá àwọn ará Rẹ́mọ tiẹ̀ máa ń rántí ìyẹn tí wọ́n bá ń yàn kiri.

Kì í ṣe mọ́tò nìkan ló ń wọnú ẹ̀ o. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń la pákó n'Íjẹ̀bú-Igbó, jẹnẹrétọ̀, fíríísà ẹlẹ́ja, obì tó wà ní sítọ́ọ̀ ní Ṣàgámù, kódà owó táwọn oníbàárà yín ṣì jẹ yín, gbogbo ẹ̀ lẹ lè fi gba lóònù. Ilẹ̀ àti ilé ò sí níbẹ̀, ìyẹn ní ibi tiẹ̀.

Bí wọ́n ṣe ń yẹ̀ ẹ́ wò nìyí. Ẹnikẹ́ni ló lè wò ó, kò dìgbà téèyàn bá jẹ́ òṣìṣẹ́ báǹkì. Ẹ lè fi nọ́ńbà ìdánimọ̀ ẹni tó ń tà á wá a, bíi BVN (tó bá jẹ́ ilé iṣẹ́, nọ́ńbà RC wọn), tàbí kẹ́ ẹ fi nọ́ńbà ara nǹkan náà. Ti mọ́tò, ṣàásí nọ́ńbà ni, létà àti nọ́ńbà pa pọ̀ jẹ́ 17, ẹ máa rí i lábẹ́ gíláàsì iwájú lápá ọ̀dọ̀ dẹ́rẹ́bà, ẹ tún lè rí i lára òpó ilẹ̀kùn dẹ́rẹ́bà. Lára mọ́tò ni kẹ́ ẹ ti dà á kọ, ẹ má dà á kọ látinú pépà, kẹ́ ẹ wá fi wé ti pépà. Kì í ní I, kì í ní O, kì í ní Q nínú, torí náà ohun tó bá jọ O níbẹ̀, òdo ni, ẹ tẹ̀ ẹ́ bó ṣe yẹ, torí tẹ́ ẹ bá ṣi ẹyọ kan tẹ̀, ó lè ní kò sí gbèsè kankan lórí ẹ̀, inú yín á sì máa dùn lásán. Ọ̀kan lára àwọn méjèèjì ò tó o, wíwá a lọ́nà méjèèjì ló dáa. Àwọn èèyàn wa tó wà l'Ọsirélíà ti mọ eléyìí dáadáa, látọdún 2012 ni irú ìwé àkọsílẹ̀ yìí tiwọn, PPSR, ti wà, wọn ò ní dá dọ́là méjì tí wọ́n fi ń wò ó sí kí wọ́n tó ra mọ́tò àlòkù.

Àmọ́ o, ohun tí wọ́n bá kọ síbẹ̀ nìkan ló máa jáde. Ẹni tó bá yá Mufu lówó tí kò kọ ọ́ síbẹ̀, ẹ ò lè rí i. Hire purchase náà yàtọ̀ díẹ̀, torí ẹni tó gbé kẹ̀kẹ́ Márúwá tàbí kòròpe lọ́nà yẹn, kò tíì di tiẹ̀ títí táá fi san owó ìkẹyìn, kí ló wá fẹ́ tà? Ẹ bi í léèrè bó ṣe rà á, ẹ ní kó mú rísíìtì wá.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń yáni lówó náà, ẹni tó kọ́kọ́ dé odò ló ń pọn omi tó mọ́. Tí èèyàn méjì bá yá Mufu lówó lórí Sienna kan náà, ẹni tó kọ́kọ́ kọ ọ́ sínú ìwé àkọsílẹ̀ yẹn ló máa kọ́kọ́ gba owó tiẹ̀, kì í ṣe ẹni tó kọ́kọ́ yá a lówó. Àdéhùn tẹ́ ẹ kọ sínú fúlúsíkápù níwájú lọ́yà, láàárín ẹ̀yin àti Mufu nìkan ló ti wúlò tẹ́ ẹ ò bá kọ ọ́ síbẹ̀.

Tẹ́ ẹ bá wá rí gbèsè lórí mọ́tò tó wù yín ńkọ́? Kò pọn dandan kẹ́ ẹ sá. Ẹ ní kí ẹ̀yin àti ẹni tó ń tà á jọ lọ bá ẹni tó yá a lówó, kí wọ́n sọ iye tó kù, ẹ san ìyẹn fún wọn tààrà, ẹ gba rísíìtì, kí wọ́n yọ mọ́tò yẹn kúrò nínú ìwé àkọsílẹ̀ yẹn. Ìyókù owó Mufu, ẹ mú un dání ná. Ẹ padà lọ wò ó lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tó bá ti kúrò lóòótọ́, ẹ kówó fún un.